Ọkọ̀ Tí Ń Ṣáko Lójú Ọ̀nà Títọ́

Ọkùnrin kan wà ní Ọ̀yọ́ tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ ju bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Má wo aago, Látúnjí. Ìtàn náà kò gùn, ọ̀rọ̀ tí o gbé wá bá mi láàárọ̀ yìí kò sì ní sá lọ. Tíṣà ni ọkùnrin náà, ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, ẹni tó bá ń wá a kò ní wàhálà. Kí ó sáà gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ, kí ó wo abẹ́ ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tó bá yọ síta, tirẹ̀ ni.

Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ilé, wọ́n mú oko. Òun ní kí wọ́n fún òun ní ọkọ̀ tó ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún mẹ́fà, tí adìyẹ ti ń yé sínú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Wọn kò mọ̀ pé inú ọkọ̀ yẹn ni bàbá ti kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀, lójú ọ̀nà ilé ìwé, láràárọ̀.

Kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà kàn máa rìn. Ó fẹ́ kí ó sáré. Ó yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kúrò, ó fi èyí tí agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rọ́pò rẹ̀. Ó fi táyà tó fẹ̀ sí i. Ó yọ àwọn sípíríǹgì gíga, ó fi kúkúrú sí i, ọkọ̀ bá wálẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó wá dà bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú jáàkì kan àti àpótí irinṣẹ́ kan. Kò gba mẹkáníìkì kankan láyè. Nọ́ọ̀tì tó bá ti dè tán, yóò mú ọ̀dà funfun, yóò fa ìlà kékeré láti orí rẹ̀ dé ara irin tó jókòó lé. Bí nọ́ọ̀tì náà bá yí díẹ̀ báyìí, ìlà yóò já, yóò sì mọ̀. Ó máa ń fi han àlejò. Yóò ní, "Ẹ wò ó, kò sí ohun tí mo dè tó tú rí."

Òótọ́ ni ó ń sọ. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Oṣù kan lẹ́yìn tí ó parí rẹ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko. Nínú ìlú, kò sí wàhálà. Ní kọ́nà, bó ṣe yí i ni ó ń yí. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ojú ọ̀nà títọ́, tí eré sì wọ̀ ọ́, ọkọ̀ yóò yà sósì díẹ̀. Tíṣà yóò fà á padà. Yóò yà sọ́tùn-ún. Yóò tún fà á. Yíyà náà kò pọ̀, ìwọ̀n ìka mélòó kan ni, ṣùgbọ́n kì í dáwọ́ dúró. Ohun tó ya Tíṣà lẹ́nu nìyẹn. Kí ló dé tí ohun tó ń yí dáadáa nígbà tí mo ní kó yí kò lè lọ tààrà nígbà tí mo ní kó lọ tààrà? Ó gbé ìbéèrè yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó gbé e padà wálé, ó ń fi jẹun.

Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún nígbà náà. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn, níbi tí ìyá ìyàwó ń gbé, tírélà kan ń bọ̀ níwájú. Ọkọ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Tíṣà fà á padà ní wàrà, tírélà kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì mi gíláàsì. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ìyàwó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn títí wọ́n fi délé. Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, ó lọ bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mọ́tò èrò ni ó wọ̀ lọ.

Ó bí ọmọbìnrin. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ń kì í ní Àjíkẹ́. Wọ́n ní kí ìyá àti ọmọ wà ní Ìsẹ́yìn títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, kí bàbá wá kó wọn nígbà náà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyàwó pè é lórí fóònù.

"Bàbá Àjíkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ọkọ̀ yẹn lẹ máa gbé wá, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Mi ò ní gbé ọmọ yìí sínú ẹ̀."

"Màá tún un ṣe."

"Ẹ ti ń tún un ṣe láti ìgbà tí mo ti lóyún."

Kò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún nítorí pé òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, ó ti sọ nínú ara rẹ̀ pé ọkọ̀ bàbá ni yóò gbé ọmọ òun wọlé. Ọmọ ti wá dé báyìí, ọkọ̀ kò sì ṣe é gbé e sí.

Ó gbé ìgbéraga sílẹ̀, ó gbé ọkọ̀ lọ fún àwọn tó ń fi àtúnṣe ọkọ̀ jẹun. Ẹni àkọ́kọ́ ni aláláìmẹ́ǹtì, ẹni tí ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n lè kọjú síbì kan náà. Ó ní ẹsẹ̀ iwájú ló yà. Ó tò ó, ọkọ̀ sì rìn tọ́ fún ọjọ́ méjì. Ẹnìkejì ni ẹni tí ń lẹ táyà. Ó ní táyà tó fẹ̀ tó báyìí máa ń tẹ̀ lé gbogbo ipa tí tírélà bá ti tẹ̀ sójú títì, kí ó pààrọ̀ ti iwájú. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó dín kù, kò tán. Ẹnìkẹta ni mẹkáníìkì tó mọ sitiárìn bí ẹni mowó. Ó tú gbogbo ohun tó so sitiárìn mọ́ táyà, ó fi tuntun sí i. Ọkọ̀ rìn tọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Tíṣà padà sọ́dọ̀ aláláìmẹ́ǹtì, ìyẹn tún un tò, ọjọ́ méjì péré ló tún mú. Nígbà tó dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, aláláìmẹ́ǹtì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn.

"Tíṣà, èyí tí mo mọ̀ ni mo ti ṣe. Bóyá ọkọ̀ yín yìí ní orí tiẹ̀ lọ́tọ̀."

Iwájú ni gbogbo wọn wò, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Iwájú ni sitiárìn wà, iwájú ni ojú wà, ọwọ́ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Tíṣà ti lé ròrò. Kò lè wa ọkọ̀ kó mu omi. Bó bá lọ sí ibi tí kò jìnnà, yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú ara ríro bí ẹni tó lọ kọ ebè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọkọ̀ náà, ọkọ̀ tí kò létí. Nígbà tí àgbàlagbà bá ti ń bú irin, kí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti sú u.

Ọkùnrin kan tí ń ra ọkọ̀ láti tú u sí wẹ́wẹ́ wá wò ó. Ẹ́ńjìnnì ni ó fẹ́. Ìyókù, ó ní òun yóò gé e fún àwọn alágbẹ̀dẹ. Tíṣà wo ọkọ̀ bàbá rẹ̀ títí, ó ní kí ọkùnrin náà padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni ogójì ọjọ́ yóò pé. Ó ti pinnu: bí ọkọ̀ kò bá tíì tọ́ títí di Sátidé, kí wọ́n gé e, kí òun wọ mọ́tò lọ kó ọmọ òun bí gbogbo ayé ti ń ṣe.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó wa ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn, bóyá láti dán an wò, bóyá láti dágbére fún un. Òun gan-an kò mọ èwo ni. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí èjìká ti ń ro ó. Ó yà sí abúlé kan. Lábẹ́ àtíbàbà páànù, bàbá arúgbó kan ń lu irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nìyẹn. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí òun sinmi díẹ̀. Bàbá dáhùn láìgbé ojú sókè.

"Mo ti ń wò ọ́ láti ìgbà tí o ti yọ lórí òkè yẹn. Ìwọ ń wa iwájú, ẹlòmíràn ń wa ẹ̀yìn."

"Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Tó bá fẹ́ yà, ṣé ọwọ́ rẹ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ni, àbí ìdí rẹ?"

Tíṣà dúró. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ọkọ̀ náà kiri, ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní ìbéèrè kan. Wọ́n ti ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ fún un kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Ó ronú, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀.

"Lọ mọ̀ ọ́n," ni Bàbá wí, ó sì padà sídìí irin rẹ̀.

Ó padà sójú títì. Ó fi ìka di sitiárìn mú fẹ́rẹ́, ó dákẹ́, ó ń fetí sí ìdí ara rẹ̀. Ẹ̀rín pa á, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Ó kọjá abúlé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní àlọ àti àbọ̀, kó tó dá a lójú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ rọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń yí ìjókòó padà lórí àga. Lẹ́yìn náà ni imú yóò wá yà. Ọwọ́ ló ń gbọ́ ìròyìn gbẹ̀yìn.

"Ìdí mi ni, Bàbá."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Gbé e wọlé wá."

Bàbá kan èèkàn irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí ọkọ̀ ká. Ó ta okùn tín-ín-rín láti ẹ̀yìn dé iwájú lápá méjèèjì. Ó ní kí Tíṣà fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti etí táyà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò ilé-ẹ̀kọ́, ó wọ̀n ọ́n, ó fi ẹfun kọ ọ́ sára páànù. Iwájú tọ́. Ẹ̀yìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́.

Bàbá wá gbé àpò iyanrìn méjì sórí àga ẹ̀yìn. Wọ́n ti ọkọ̀ síwájú, wọ́n fà á padà, wọ́n tún okùn ta, wọ́n tún un wọ̀n. Táyà ẹ̀yìn ti apá òsì ti yí. Wọ́n sọ àpò kalẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ibòmíràn ló lọ. Nọ́ńbà mẹ́ta wà lára páànù, èyí kò bá èyí mu. Tíṣà jókòó sílẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí ebi ń pa tó rí oúnjẹ. Àṣé aláláìmẹ́ǹtì kò purọ́. Ó to iwájú kó bá ẹ̀yìn mu, bí ẹ̀yìn ṣe wà lọ́jọ́ tó tò ó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn á ti kó lọ síbòmíràn. Ó sọ èyí fún Bàbá, Bàbá sì mi orí.

Wọ́n gbé ọkọ̀ sórí kòtò tí Bàbá fi ń wo abẹ́ ọkọ̀, àwọn méjèèjì sì wọ abẹ́ rẹ̀. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú. Níbi tí apá náà ti so mọ́ ara ọkọ̀, rọ́bà kan wà láàárín, ó nípọn bí àtàǹpàkò, bóòtù sì gba inú rẹ̀ kọjá. Rọ́bà náà ti ya. Ó ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Lórí nọ́ọ̀tì tó dì í mú, ìlà ọ̀dà funfun wà níbẹ̀ láìjá.

"Ta ló de èyí?"

"Èmi ni."

"Kò tú rí?"

"Kò tú rí, Bàbá." Nínú kòtò níbẹ̀, ó ṣì ń fi í yangàn.

"Nígbà tí o dè é, níbo ni ọkọ̀ wà?"

"Orí jáàkì ni."

"Táyà ńkọ́?"

"Ó ń fì lófurufú."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú u. Ó ní kí ó jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ mọ́wọ́ lábẹ́ abíyá, ó dì í mú gírígírí. Ó bi í bóyá ó ń ni ín lára. Tíṣà ní rárá. "Ó dáa, gbé ọwọ́ náà sókè." Tíṣà gbé e sókè. Ẹ̀wù fà, ó fún un lọ́rùn, ojú rírán rẹ̀ sì ya díẹ̀.

"O rí i? Rọ́bà yẹn ò lè yí lórí bóòtù tí o ti dè pa. Ibi tó wà nígbà tí o dè é, ibẹ̀ ló mọ̀ sílé. O sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹrù dé, apá gòkè. Ó wá ń fẹ́ padà sílé. Gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà ló fi ń jà. Ìwọ ò jẹ́ kó tú, òun náà ò jẹ́ kó o sinmi."

"Ṣé kí n máa dè é díẹ̀díẹ̀ ni, Bàbá? Kí n má dè é le?"

"Rárá o. Ọkọ̀ tí wọn ò de nọ́ọ̀tì ẹ̀ le, pósí ni. Dídè kọ́ ló burú, ìgbà tí o dè é ni. Tú u. Jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó pẹ̀lú gbogbo ẹrù ẹ̀. Kó o wá tún un dè, kó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Lọ́jọ́ Fúráídè, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó ra rọ́bà tuntun ní Ọ̀yọ́, ó wakọ̀ gbé e lọ sí abúlé náà. Bàbá kò fọwọ́ kan sípánà. Ó jókòó sórí àpótí létí kòtò, ó ní ẹni tó dè é ni yóò tú u. Ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sí jáàkì lábẹ́ rẹ̀. Tíṣà fi sípánà sórí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Ó dùn ún, n kò ní parọ́ fún ọ. Ìlà funfun yẹn ni ó máa ń fi han àwọn ẹ̀gbọ́n tó fi í rẹ́rìn-ín. Òun ni ẹ̀rí pé ohun tí ó bá ti ọwọ́ òun jáde kì í yẹ̀. Ó pa ojú dé, ó fà á. Nọ́ọ̀tì ké, ìlà já. Nígbà tó tú èyí tó kù, ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n ìka kan péré, bí ẹni tó ti ń dúró láti àárọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àpótí jókòó.

"Ó ti ń dúró láti ọjọ́ náà," ni Bàbá wí.

Wọ́n pààrọ̀ èyí tó ya. Àwọn tó kù kò tíì ya, nítorí náà wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ní títú kí wọ́n jókòó. Bàbá wá ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Ó béèrè bí ìyàwó ṣe sanra tó, Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó sọ fún un, Bàbá sì gbé àpò iyanrìn kan síwájú.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ ogójì ọjọ́ ni, Bàbá. Kò tíì tó nǹkan."

Bàbá gbé odindi àpò kan sórí àga ẹ̀yìn. "O ò tíì mọ̀. Ọmọ ló ń wúwo jù."

Lábẹ́ gbogbo ẹrù yìí ni Tíṣà ti wọ inú kòtò padà, ó sì de nọ́ọ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dè é le. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀dà funfun. Kò pa ìlà àtijọ́ rẹ́. Ó fa tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó já, kí òun lè máa rí méjèèjì. Wọ́n ta okùn, wọ́n gbé àpò kúrò, wọ́n dá a padà, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára wọn mu. Tíṣà ka nọ́ńbà náà sókè ketekete bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó gba máàkì.

Nígbà tí ẹni tó fẹ́ gé ọkọ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé, ó bá Tíṣà nídìí rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà kò jókòó, ó padà lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Tíṣà dé Ìsẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ jáde sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ wà ní àyà rẹ̀, ó sì rí ọkọ̀ náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ìyá ìyàwó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ lẹ́rán. Tíṣà ti to àlàyé jọ lójú ọ̀nà: okùn, nọ́ńbà, rọ́bà, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé gbogbo ìyẹn tì.

"Èmi ni," ló wí. "Kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀nà. Èmi ni mo dè é nígbà tí kò yẹ."

Ìyàwó wò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì gbọ́ kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa ọkọ̀ náà. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ìyá gbé èjìká sókè. Ó wá wọlé lọ gbé ẹrù rẹ̀ jáde.

Wọ́n dé ojú ọ̀nà títọ́, Tíṣà gbé eré sí i díẹ̀. Ìyàwó kò wo títì, kò wo tírélà. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ọwọ́ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sinmi, ó ń fà, ó ń dá padà, ó ń fà. Lọ́jọ́ yìí ó dùbúlẹ̀ sórí sitiárìn, kò ṣe nǹkan kan, ọkọ̀ sì ń lọ. Ó wò ó títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n kọjá lẹ́bàá àtíbàbà Bàbá onísípíríǹgì, Tíṣà fẹ́ fi ibẹ̀ hàn án. Ó yíjú sí i, ó sì bá a tó ti sùn lọ, òun àti ọmọ. Kò fọn fèrè. Ó gbé ọwọ́ sókè kí Bàbá, ó sì kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Nísinsìnyí, Látúnjí, gbé àga rẹ súnmọ́ mi.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kí ẹ tó fẹ́ra, ìwọ àti ìyàwó rẹ ṣe àdéhùn mẹ́ta. O ti kà wọ́n fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi mọ̀ wọ́n sórí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa se oúnjẹ ilé. Kò ní pẹ́ níta ju aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ. Kò sí ohun tí yóò ṣe láìkọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ. Ó gbà, kò sì purọ́. Ẹ̀yin méjì péré ni ẹ wà nígbà náà. Kò sí ọmọ. Ìyá rẹ ṣì ń lọ oko. Òun alára kò tíì di nọ́ọ̀sì. Táyà ń fì lófurufú.

Lónìí, ọmọ mẹ́ta ló wà nílé yín. Ìyá rẹ wà lórí ibùsùn nínú yàrá ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, kó tó lọ síbi iṣẹ́, àti nígbà tó bá dé. Àdéhùn yẹn wà bó ṣe wà. O ní o kò yẹ ọ̀rọ̀ rẹ rí, o kò sì jẹ́ kí òun náà yẹ̀ ẹ́. Mo gbà fún ọ. Mo rí ọ̀dà funfun lórí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni o ti mú un wá síbí kí n bá a wí. Mo bá a wí. Ó gbọ́, ó kúnlẹ̀, ó sì ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan. Èmi ni aláláìmẹ́ǹtì rẹ, ọ̀rọ̀ náà sì ń tì mí lójú, nítorí n kò bi í ní ìbéèrè kan. Iwájú ni mo wò. Lónìí o ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, o sì ní bí kò bá pa àdéhùn mọ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ìwọ náà ti dá ọjọ́ Sátidé tìrẹ.

N kò ní bá a wí mọ́. Lọ sílé. Má pè é wọ yàrá, má sì dúró dìgbà tí ilé bá pa lọ́lọ́. Jókòó tì í níbi tí ẹrù wà, kí àwọn ọmọ máa pariwo, kí ìyá rẹ máa pè é láti yàrá ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti tú àdéhùn náà. Èyí tó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ jẹ́ kó jókòó, lẹ́yìn náà kí ẹ dè é le. N kò sọ pé kí ilé rẹ má ní àdéhùn. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ọ̀rọ̀ méjì ni kí o kọ́kọ́ sọ fún un, èyí tí Tíṣà sọ ní ẹnu ọ̀nà ní Ìsẹ́yìn: Èmi ni.

Lẹ́yìn náà, máa wo ọwọ́ ara rẹ. Lọ́jọ́ tó bá sinmi, obìnrin yẹn náà yóò rí oorun sùn.